Kùmọ̀ Tí Alákàsọ̀ Kùn Ní Ọ̀dà Pupa

Ọdún méjìdínlógún gbáko ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Alákàsọ̀ ti ń kun àjà ilé, àjà nìkan. Àwọn akunlé yòókù níbi iṣẹ́ wọn a máa kun ògiri, ilẹ̀kùn, fèrèsé àti irin àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n tó bá ti kan òkè, "Ẹ bá wa pe Alákàsọ̀" ni. Kò sì sẹ́ni tó ń bá a du iṣẹ́ náà, torí iṣẹ́ àjà kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó kẹ́ ara ẹ̀. Èèyàn á gbé orí sẹ́yìn títí ọrùn á fi lọ́, ọ̀dà á máa kán sójú, á máa kán sí ihò imú, ọwọ́ á sì wà lókè láti àárọ̀ bí ọwọ́ ẹni tí ọlọ́pàá ní kó má mira. Alákàsọ̀ ní òun gbádùn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ògiri téèyàn kùn lónìí, àwọn ọmọdé á ti fi ọwọ́ ẹlẹ́gbin tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gòkè lọ fọwọ́ pa àjà? Àjà tóun kùn nígbà tóun lóyún àkọ́bí òun, funfun báláú ló ṣì wà títí dòní.

Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní kóun ya irun òun, tí ọwọ́ ọ̀tún dé etí, tó dúró. Ó tún gbé e, ó tún dúró síbẹ̀, bí ìgbà tẹ́nì kan dì í mú látẹ̀yìn. Ó ní bóyá òun sùn lé e ni. Ó gbé bùrèsíà, ó ní kóun dè é, ọwọ́ ò ká sẹ́yìn rárá. Ìgbà náà ló pariwo pe ọkọ ẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, tó sì ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní yàrá iwájú.

"Bàbá wọn! Ẹ wá bá mi de nǹkan yìí."

Ọkọ yọjú, téèpù wà lọ́rùn ẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ẹ̀. Ó yọ abẹ́rẹ́ náà kó tó dáhùn. "Èwo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí."

"Ìyá wọn, láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, títú ni mo mọ̀ ọ́n tú. N ò dè é rí."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta tí ọkọ ń de bùrèsíà láràárọ̀ bí ẹni tó ń de okùn bàtà ọmọ, ẹ̀rín ti tán. Dókítà ní èjìká yẹn ló ti gan. Ó ní kò sí egungun tó ṣẹ́, kò sí iṣan tó já, ó kàn gan ni, ó sì lè tó ọdún kan kó tó tú, ó lè tó méjì. Ó fún un lóògùn, ó fún un ní rọ́bà gígùn kan pé kó máa fà á láàárọ̀ àti lálẹ́. Oṣù méjì ló fi fa rọ́bà. Ọwọ́ kúrò ní etí, ó dé iwájú orí. Kò kọjá ibẹ̀.

Níbi iṣẹ́, ọ̀gá wọn ò lé e. Ọ̀gá yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í sọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó kàn nawọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, Alákàsọ̀ sì mọ ohun tó ń sọ. Ni obìnrin tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì bá bẹ̀rẹ̀ sí í po ọ̀dà, ó ń lẹ bébà mọ́ gíláàsì fèrèsé, ó ń fọ bọ́rọ́ọ̀ṣì fún àwọn tó kọ́ níṣẹ́. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Òpó Iná ló gba àjà. Gíga ló fi gba orúkọ yẹn. Tó bá dúró sórí àpótí lásán, orí ẹ̀ ti fẹ́ kan òkè, ẹnu ẹ̀ ò sì dúró bí orí ẹ̀ ò ṣe dúró.

"Alákàsọ̀, àkàsọ̀ ń kí yín o. Ó ní kí lòun fi ṣẹ̀ yín?"

"Kí ló sọ fún ìwọ? Ṣebí àkàsọ̀ tó ń rìn ni ìwọ fúnra ẹ."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, Alákàsọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí garawa. Ó dùn ún. Ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń kun àjà.

Nígbà tó yá, wọ́n gba iṣẹ́ gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan. Alákàsọ̀ bá wọn lọ wo ibẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sì gbàgbé láti pa ẹnu dé. Àjà náà ga, ó fẹ̀, òdòdó tí wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ sì wà létí ẹ̀ yíká, ewé lórí ewé, gbogbo ẹ̀ ti pọ́n, ó ń wá ọ̀dà. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì kun irú ẹ̀ rí, ó sì mọ̀ pé òun ò ní rí irú ẹ̀ mọ́ tí èyí bá kọjá.

Ó lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá wo èjìká ẹ̀, ó wo ojú ẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta ló kù ká bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, wàá kun àjà ilé ẹrù wa fún mi kí n rí i, láti ògiri dé ògiri, láì sinmi. Tóo bá sọ ọwọ́ kalẹ̀ sinmi pẹ́rẹ́n, Òpó Iná á gba gbọ̀ngàn, ìwọ á sì dúró sí ìsàlẹ̀. Mi ò ní tún un sọ."

Kò sì tún un sọ.

Ilé tí Alákàsọ̀ àti ọkọ ẹ̀ ń gbé, àgbàlá ẹ̀ kan náà ni wọ́n ń pín pẹ̀lú onídìrí kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lápá kejì. Yàrá ẹ̀yìn ni bàbá ọkọ ẹ̀ wà. Bàbá ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ogójì ọdún ló fi ṣe alárù ní èbúté ọkọ̀ ojú omi, kò sì mú nǹkan púpọ̀ bọ̀ níbẹ̀ ju ẹ̀yìn tó tẹ̀ díẹ̀ àti kùmọ̀ méjì. Igi dúdú ni kùmọ̀ wọ̀nyí, wọ́n rí bí ìgò tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, ikùn ńlá nísàlẹ̀. Bàbá sọ wọ́n lórúkọ: èyí tó wúwo jù ń jẹ́ Ẹ̀gbọ́n, ìkejì ń jẹ́ Àbúrò. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí, tí wọ́n ń di ilẹ̀kùn mú kí atẹ́gùn má baà gbá a dé. Ogún ọdún ni Alákàsọ̀ ti ń gbálẹ̀ yí wọn ká, kò bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kan rí.

Ọjọ́ kan, ó ń sá aṣọ. Ọwọ́ ọ̀tún ò dé okùn, ó wá ń ju aṣọ tútù sókè bí ẹni tó ń sọ òkò sí ẹyẹ. Ẹ̀ẹ̀kan á bà á, ẹ̀ẹ̀mejì á já bọ́ sínú iyanrìn. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Ìyàwó wa, ṣé aṣọ lò ń sá àbí ẹjọ́ lẹ̀ ń rò, ìwọ àti okùn yẹn?"

"Bàbá, ọwọ́ ni ò gòkè."

"Mo rí i. Rọ́bà tóo ń fà yẹn ńkọ́?"

"Ó ń gùn sí i. Èmi ni mi ò gùn."

Bàbá rín ẹ̀rín músẹ́. Ó fi ọ̀pá ẹ̀ ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbá Àbúrò lọ́rùn mú. Alákàsọ̀ ti fẹ́ sáré lọ dì í mú kó má baà ṣubú. Àmọ́ Bàbá gbé kùmọ̀ náà dúró ṣánṣán níwájú àyà, bí ẹni gbé àbẹ́là dání, ó da orí ẹ̀ sí ẹ̀yìn èjìká, ó sì jọ̀wọ́ ẹ̀. Kùmọ̀ já bọ́ sẹ́yìn ẹ̀, ó fì láti apá kan sí apá kejì, ó yọ lórí èjìká kejì, ó sì padà wá dúró síwájú àyà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá tí kì í rìn láìsí ọ̀pá!

"Kí àwa alárù tó gbé àpò àkọ́kọ́ láàárọ̀," Bàbá ń mí díẹ̀díẹ̀, "a ó kọ́kọ́ fi kùmọ̀ ṣí èjìká. Ẹni tí ò bá ṣí i, ọ̀gá wa ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹrù. Ẹrù tó wúwo kọ́ ló ń ba èjìká jẹ́. Ibi kan náà téèyàn ń gbé e sí lójoojúmọ́ ni. Ìwọ, òkè nìkan ni ọwọ́ ẹ mọ̀. Èjìká ti gbàgbé ẹ̀yìn, ó gbàgbé ẹ̀gbẹ́."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bàbá ò tètè gbé Àbúrò lé e lọ́wọ́. Ìgò rọ́bà ńlá kan ló ní kó rọ iyanrìn sí, ìyẹn ló fi kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́, Alákàsọ̀ di ìgò mú débi pé ó fẹ́ẹ̀ tẹ́.

"Má fún un lọ́rùn! Kì í ṣe adìyẹ."

"Bàbá, tí n ò bá dì í mú, á bọ́."

"Kò ní bọ́. Jẹ́ kó já, kóo wá sìn ín délé. Òun ló ń ṣiṣẹ́, ìwọ kàn ń júwe ọ̀nà ni."

Nǹkan kejì tí Bàbá ò gbàgbé ni ọwọ́ òsì. Mẹ́wàá fún ọ̀tún, mẹ́wàá fún òsì. Alákàsọ̀ ò rí ìdí ẹ̀.

"Ṣebí ọ̀tún ló ń dùn mí. Òsì ò ṣe mí ní nǹkan kan, kò sì kun nǹkan kan rí láyé ẹ̀."

"Àìsàn ẹ gan-an nìyẹn," Bàbá ní. "Ohun tí ọ̀tún bá jẹ, òsì náà á jẹ ẹ́."

Ó ní òun gbọ́. Àmọ́ tí Bàbá bá ti yíjú, mẹ́wàá ni ọ̀tún ń rí, òsì á rí mẹ́fà, á rí márùn-ún, ó di kíkó ìgò sílé. Èrò tiẹ̀ ni pé kí ló dé tóun á fi máa fi oúnjẹ aláìsàn bọ́ ẹni tára ẹ̀ dá?

Nígbà tó di pé ó ń gbé Àbúrò fúnra ẹ̀, àgbàlá di ibi ìran. Onídìrí á dá òòyà dúró lórí oníbàárà, á yọrí lójú fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ fẹ́ lọ nà?"

"Ẹni tó bá bi mí."

"Ó dáa o. Ọjọ́ tí bàbá wọn bá ṣẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ránṣẹ́ sí mi kí n gbé àga wá."

"Etí ibùsùn ni mo ti ń sùn báyìí," télọ̀ dáhùn láti inú ilé. "Ẹsẹ̀ kan ti wà nílẹ̀."

Ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ òun náà ló kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ń yí padà. Ọwọ́ télọ̀ ni. Ó so téèpù mọ́ ọn lápá, ó ní apá aṣọ tóun rán fún un lọ́dún tó kọjá ò ní gbà á mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ya irun ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ọkọ jí láàárọ̀, ó wá sẹ́yìn ẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó bá bùrèsíà ní dídè.

"Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn," ó ní. Ó tilẹ̀ fẹ́ dùn ún díẹ̀.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ kan kó kun àjà ilé ẹrù. Bàbá lọ kí àbúrò ẹ̀ obìnrin, ó ní òun á lo ọjọ́ mẹ́ta. Inú Alákàsọ̀ ń dùn, ó ń wá ohun tó máa fi dúpẹ́. Ó wo ibi tí kùmọ̀ méjèèjì wà. Ẹ mọ̀ pé akunlé ò lè rí igi lásán kó fi í sílẹ̀, bíi kó rí ẹni tó wà níhòòhò ni. Wọ́n ti dúdú, òógùn ti mu ọrùn wọn yó, ikùn wọn ti la níbi méjì mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti tó ẹni tí wọ́n ń dáṣọ fún."

Kò fi iṣẹ́ ṣeré rárá, ìyẹn ló sì kó bá a. Ó fọ̀ wọ́n, ó fi sáńpépà pa wọ́n, ó dí gbogbo ojú tó la. Ó fi ọ̀dà funfun ṣe ìpìlẹ̀. Ó wá bu ọ̀dà pupa tó ń dán, èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kun ilẹ̀kùn ilé ìfowópamọ́ kan, ó kùn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ọ̀dà àwọ̀ wúrà fa ìlà tín-ínrín sí wọn lọ́rùn. Ó so wọ́n rọ̀ kí wọ́n gbẹ. Wọ́n dán débi pé onídìrí wá wo ojú ẹ̀ nínú Ẹ̀gbọ́n, ó fi í ṣe dígí, ó lé tìróò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá máa dé, Alákàsọ̀ ní kóun tètè yí kùmọ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá kóun tó gbé wọn padà sí àyè wọn. Ó tilẹ̀ ní kóun dá Ẹ̀gbọ́n wò, ẹni tí kò tíì fọwọ́ kàn rí. Ó gbé e dúró síwájú àyà. Ẹ̀ẹ̀kan, ó lọ, ó bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, ọwọ́ ti ń làágùn díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, Ẹ̀gbọ́n yọ láti ẹ̀yìn, ó dé orí èjìká, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni sin òun délé mọ́. Ọ̀dà tó dán yẹn yọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ bí ọṣẹ. Kùmọ̀ fò kọjá okùn aṣọ, ó kọjá fèrèsé onídìrí, ó sì lọ já lu ẹnu ẹ̀rọ táńkì omi tí gbogbo àgbàlá ń lò. Gbàà! Ẹnu ẹ̀rọ já sọnù, omi tú jáde bí ẹni tó ti ń dúró de ọjọ́ náà.

"Ẹ gbé garawa! Ẹ gbé garawa!" Onídìrí ló ń pariwo, ó ti gbé abọ́ ìfọrun síta. Oníbàárà tí wọ́n di ìdajì irun ẹ̀ gbé ìkòkò. Télọ̀ sáré jáde tòun ti àkísà, ó ń fi dí ibi tó ṣí, omi ń fọ́n sí i lójú.

Inú rògbòdìyàn yìí ni Bàbá ṣí géètì wọlé, tòun ti ọ̀pá àti báàgì ẹ̀. Ojú ẹ̀ ò lọ síbi omi. Ó rìn lọ síbi tí nǹkan pupa kan sùn sí nínú ẹrẹ̀, ó fi ọ̀pá ẹ̀ yí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ gbé e.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo fẹ́ fi dúpẹ́ ni."

Bàbá fi àtàǹpàkò pa ọrùn Ẹ̀gbọ́n lọ, ó pa á bọ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan. "Ojú ọwọ́ ọ̀gá mi wà níbí," ó ní. "Tèmi náà wà níbí."

Ó gbé e sílẹ̀, ó wọ yàrá, kò sì sí ohun tó máa di ilẹ̀kùn mú mọ́, ó dé gbàmù lẹ́yìn ẹ̀.

Télọ̀ fi rọ́bà àti okùn di ẹnu táńkì títí wọ́n fi rí òmíràn rà. Lẹ́yìn náà ló kó kùmọ̀ méjèèjì, ó tì wọ́n sábẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ.

"Ó tó gẹ́ẹ́, Ìyá wọn. Orí táńkì ló bà lónìí. Tó bá jẹ́ orí èèyàn ńkọ́?"

Ọjọ́ méjìlá ló kù. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, èjìká ti tún ń ki bíi símẹ́ǹtì tí wọ́n gbàgbé sínú garawa. Láàárọ̀ á kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, á ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ẹ dákun." Bàbá á ní, "Káàárọ̀," ó parí. Ẹni tó ń bínú tí kò jẹ́ ká kí òun sàn ju ẹni tó ń dáhùn báyìí lọ.

Ọjọ́ kẹrin, ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá dúró, ó di fìrémù mú.

"Ọwọ́ wo lo fi kùn ún?"

"Ọ̀tún, Bàbá."

"Òsì ni wàá fi họ ọ́. Má da oògùn tó ń yọ ọ̀dà sí i, á jẹ igi. Àfọ́kù ìgò ni."

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi. N ò mọ nǹkan kan fi òsì ṣe."

"Mo mọ̀. Ṣé o rò pé etí mi ti di ni? Mẹ́wàá fún ọ̀tún, mẹ́fà fún òsì. Mò ń kà á látinú yàrá."

Ojú tì í débi tó fi rẹ́rìn-ín. Bàbá wá pe ọmọ ẹ̀. "Télọ̀! Tèmi lo kó pamọ́ àbí tìẹ?"

"Tiyín ni, Bàbá."

Ó ti ń wọ́ wọn jáde kó tó parí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún ló fi họ ọ́. Láàárọ̀, á gbé ìgò iyanrìn kí èjìká má baà kú. Nírọ̀lẹ́ tó bá tibi iṣẹ́ dé, á jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá, á fi orúnkún méjèèjì há kùmọ̀, ọ̀tún á dì í mú, òsì á fi àfọ́kù ìgò tí wọ́n fi àkísà dì nídìí máa họ ọ̀dà. Ọjọ́ kìíní, òsì ń ṣe bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílé ìwé. Ó ń yọ̀, ó ń gún igi, ó gé àtàǹpàkò ọ̀tún. Ó bú ọwọ́ ara ẹ̀ bí ẹni bú ìránṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, òsì ti mọ bó ṣe yẹ kóun tẹ ìgò, ìgbà tó yẹ kóun dẹ ẹ́, ọ̀dà sì ń ká jáde ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí èèpo ọsàn. Ó yà á lẹ́nu. Ó gbé ọwọ́ náà sókè, ó wò ó bí ẹni tó rí ẹbí tí kò mọ̀ pé òun ní.

Nígbà tó dé ọrùn Ẹ̀gbọ́n, ó fi ìgò sílẹ̀, ó ń fi èékánná àti aṣọ yọ ọ́. Kòtò kékeré kan jáde lábẹ́ ọ̀dà, ó jìn, àtàǹpàkò ló jẹ ẹ́. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí kò jìn tó bẹ́ẹ̀.

"Ti ọ̀gá mi ni èyí tó jìn," Bàbá sọ, ó ti gbé àga ẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ọkùnrin kúkúrú. Kò ga jù ẹ lọ. Àpò méjì ló ń rù lẹ́ẹ̀kan. Ti àtàǹpàkò tìẹ bọ̀ ọ́ ká wò."

Alákàsọ̀ tì í bọ̀ ọ́. "Ó tóbi jù fún mi."

"Kò burú. Wá àyè tìẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ọ̀dà pupa tó wọ ojú ibi tó la níkùn Ẹ̀gbọ́n ò jáde. Bàbá ní kó fi í síbẹ̀, ó ní kí ẹjọ́ náà ní ẹlẹ́rìí. Ọjọ́ mẹ́ta tó kù, mẹ́wàá mẹ́wàá ni, Bàbá sì ń ka ti òsì sókè kí onídìrí náà lè gbọ́.

Ọjọ́ náà pé. Ilé ẹrù wọn gùn, ó ṣókùnkùn díẹ̀, òórùn tápẹ́ńtáìnì tí wọ́n fi ń po ọ̀dà wà níbẹ̀. Ọ̀gá jókòó sórí àgbá ọ̀dà. Òpó Iná fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ti tẹ́ pákó sórí àpótí láti ògiri kan dé ìkejì. Alákàsọ̀ gòkè, ó ti rólà bọ ọ̀dà funfun, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ó gòkè. Kò tiẹ̀ rántí bẹ̀rù.

Ìdá kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́. Ó dé ìdajì, èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó rí i pé òun ti ń fún rólà lọ́rùn, ó dẹ ọwọ́, ó sàn díẹ̀. Ó tún lọ. Ó ku bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra ẹ̀, rólà ò tẹ àjà dáadáa mọ́, ọ̀dà ń fẹ́lẹ́. Ó rí i lójú ara ẹ̀. Òpó Iná náà rí i.

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ o jàre. Ẹ sinmi. Ta ló ń lé yín?"

Bí kùmọ̀ ṣe máa ń kúrò ní èjìká kan bọ́ sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ ni rólà ṣe bọ́ sí ọwọ́ òsì Alákàsọ̀, kò kúrò lára àjà. Kì í ṣe pé ó ronú sí i. Ìgbà tó fi máa mọ̀, òsì ti gba iṣẹ́, ó mọ ibi tó yẹ kóun tẹ̀, ó mọ ibi tó yẹ kóun dẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún sì wà lára ògiri ẹ̀gbẹ́, ó ń di ara mú.

"Ọ̀gá! Ó ti pààrọ̀ ọwọ́!"

"Mo rí i."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sọ ọ́?"

"Mo ní kó má sinmi. Ṣé o rí i kó sinmi?"

Rólà lọ, ó bọ̀, ó lọ, títí ó fi kan ògiri kejì. Alákàsọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá gun pákó, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó fi iná ẹ̀ lélẹ̀ lára àjà bó ṣe máa ń ṣe kí àléébù má baà ríbi sá sí. Ó dúró níbì kan.

"Ibí yìí fẹ́lẹ́."

"Mo rí i, ọ̀gá. Màá tún un kùn."

Ọ̀gá rìn síwájú, ó rìn sẹ́yìn. "Ibo ni òsì ti bẹ̀rẹ̀?"

"Lẹ́yìn ibi tó fẹ́lẹ́ yẹn gan-an."

Ó tún wo ibẹ̀ pẹ́. Ó pa tọ́ọ̀ṣì, ó sọ̀ kalẹ̀. "Ọjọ́ Ajé, gbọ̀ngàn," ó ní. Ó yíjú sí Òpó Iná. "Ìwọ ni wàá máa gbé ọ̀dà gòkè fún un."

Òpó Iná dúró títí ọ̀gá fi jáde. Ó wá fọwọ́ pa ọrùn ara ẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ọrùn yìí ti ń dùn mí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kùmọ̀ tí wọ́n ní ẹ ń gbé yẹn, ṣé wọ́n ń tà á ni?"

"Kọ́kọ́ lọ rọ iyanrìn sínú ìgò," Alákàsọ̀ ní.

Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún Bàbá, láti orí pákó dé orí tọ́ọ̀ṣì. Bàbá gbọ́ ọ parí. Ó ní kò burú, ó ní kó gbé Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò lọ sí ẹ̀gbẹ́ àkàsọ̀ ẹ̀, torí tí wọ́n bá ṣì ń di ilẹ̀kùn mú lọ́dọ̀ òun, ta ni á máa gbé wọn?

Alákàsọ̀ dúpẹ́, ó gbé wọn, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn fẹ́, ilẹ̀kùn Bàbá sì tún gbá dé. Ó wá garawa ọ̀dà kan tó ti ṣófo, tó ti pọ́n, tó ti rí jákujàku, ó rọ iyanrìn kún un, ó gbé e sídìí ilẹ̀kùn. Bàbá fi ọ̀pá ẹ̀ tì í, ó rí i pé kò mira.

"Èyí," ó ní, "o lè kùn ún."